Bẹ́ǹṣì Àwa Tí A Ní Káàdì

Bẹ́ǹṣì méjì ló wà tẹ́lẹ̀ nílé ìwòsàn tí à ń lò ní Festac. Èyí tó wà lábẹ́ fáànù jẹ́ ti àwa tí a ní káàdì ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn jẹ́ ti àwọn tí kò ní. Iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi ń ṣe, nítorí náà abẹ́ fáànù ni èmi àti ọmọbìnrin mi, tó ní ikọ́ fée, máa ń jókòó.

Dókítà tuntun kan dé, ó da bẹ́ǹṣì méjèèjì pọ̀. Ó ní ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le jù ni òun yóò kọ́kọ́ rí. Òun àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ ìjọba pé kí gbogbo ènìyàn ní káàdì, kò kàn lè dúró dìgbà náà ni. Mo fara mọ́ ọn. Ara ọmọ mi yá lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, àyà rẹ̀ tún dí. Mo wẹ̀ fún un, mo sì di bọ́tìnnì súwẹ́tà rẹ̀ dé ọrùn, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ mi ní wúruwùru. Nọ́ọ̀sì tó ń to èrò bí àìsàn wọn ṣe le sí dé ọ̀dọ̀ wa.

“Ọmọ mi, báwo ni ara?”

Ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀. “A dúpẹ́, mà.”

“Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa,” ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì tò wá sẹ́yìn.

Kí n tó lè sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbé ọmọ kan tí gìrì mú kọjá níwájú wa. Ìyá rẹ̀ kò ní káàdì.

Nígbà tí dókítà jáde, ó bi ọmọ mi bí ara ṣe rí, ọmọ náà tún ní, “A dúpẹ́, sà.” Dókítà wò ó, ó tú bọ́tìnnì yẹn. Ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí.

“Mọ́mì, ta ló ní kó máa dúpẹ́?”

“Bí a ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn, sà.”

“Ẹ jẹ́ kó máa ráhùn lọ́dọ̀ tèmi.” Ó ti ń gbé e lọ síbi ẹ̀rọ èémí.

Mo tẹ̀ lé e. Mo ní, “Tó bá jẹ́ bẹ́ǹṣì àtijọ́ ni, wọn ì bá ti rí i.”

“Òótọ́ ni. Ọmọ tí gìrì mú ńkọ́?”

 Dókítà ní lórí ọ̀rọ̀ káàdì gbogbo ènìyàn, àwọn aṣòfin ti gbọ́ ti àwọn dókítà títí ó fi sú wọn. Wọn ò tíì gbọ́ ti àwa tí a ní káàdì. Ṣé màá bá àwọn dókítà lọ síwájú wọn?

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀rù yóò sì tún bà mí nígbàkígbà tí ọmọ ẹlòmíràn bá ṣáájú tèmi. Mo sọ ìyẹn fún un. Lẹ́yìn náà mo ní màá lọ, bí èémí ọmọ mi bá ti balẹ̀.