Oògùn tí Ìyá Mi Kò Fẹ́ Kí Àna Rí

Nígbà tí ìlú wa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, olùkọ́ ni mí ní Àrá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì wú lọ́jọ́ kan nínú kíláàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣegede ni, ìyá mi náà ní ṣegede ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí mo sì ń lọ bì í ní kọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí.

Ní ọsibítù ní Adó, a jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Dókítà wo eyín mi tí omi kíkan inú èébì ti jẹ, ó bi mí bóyá mo máa ń bì. Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó ní búlímíà ni wọ́n ń pè é, àìsàn ọkàn tó ń mú ènìyàn jẹ àjẹjù, kó sì mọ̀ọ́mọ̀ bì í nítorí ẹ̀rù sísanra, èébì náà ló sì wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó ní ó máa ń dín àjẹjù náà kù, kódà lára ẹni tí kò rẹ̀wẹ̀sì. Ẹnu mi gbẹ, oorun ń kùn mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó rí ìyàtọ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, mo jẹ iyán, ó sì dúró nínú mi.

Ìgbà náà ni ẹbí àfẹ́sọ́nà mi wá láti Ìlọ́rọ̀ ṣe ìwádìí ìdílé wa. Ìyá mi gba oògùn lọ́wọ́ mi.

“Bí wọ́n bá rí i, wọn á ní wèrè ń bẹ ní ulé wa.”

Mo gbà, torí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ. Kò pé oṣù kan tí èébì padà dé, mo sì dákú níbi àpéjọ àárọ̀. Dókítà ní iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé ti bá èébì lọ, díẹ̀ ló kù kó pa mí. Ó tún fún mi ní oògùn náà.

Nígbà tí àbúrò ìyá àfẹ́sọ́nà mi wá kí mi, ìyá mi ní ibà ni. Inú bí mi. Mo gbé oògùn mì lójú obìnrin náà, mo sì sọ ohun tí oògùn náà wà fún fún un.

Àfẹ́sọ́nà mi àti ẹbí rẹ̀ kò padà wá mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún. Ní alẹ́ kẹta, ìyá mi gbé oògùn àti omi wá.

“Gbé e mì. Ìwọ ni mo bí, mi ò bí ọkọ.”

Ó ju ọdún kan lọ kí dókítà tó dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fún ìwọ náà ní irú oògùn yìí, má ṣe jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni mú ọ dá a dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi yìí, tí mo fi ìyà jẹ fún ọdún méjì tí kò sì kọ̀ mí sílẹ̀.