Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kí N Gbàgbé

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ohun tí gbogbo ará ilé ń wí fún mi nìyẹn nígbà tí ibà pa àkọ́bí mi. Ẹ dákun, omi wo? Ọmọ ọdún méje tó ń jẹ ẹ̀bà ju bàbá rẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè lómi! Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Mo ní mo dúpẹ́, mo bá wọlé.

Ọdún tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kún ojú omi Àpápá bámúbámú ni. Ọkọ mi, tó ń já ẹrù ní èbúté, òun àti àbúrò rẹ̀ ló lọ sin ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé wa l'Ájégúnlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé nígbà náà, pé kí ọkọ mi sọ ibi tí ọmọ mi wà fún mi. Bí mo bá ti bi í, á kọjú sí ògiri. "Fi í sílẹ̀. Èèwọ̀ ni."

Obìnrin ẹ̀yà Ìjọ̀ kan ló da gbogbo rẹ̀ rú. Kò tíì pẹ́ tó kó sí yàrá tó kọjú sí tiwa. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, àwa obìnrin ilé jókòó lẹ́yìnkùlé, à ń ṣa ẹ̀wà, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ mi. Mo ní méjì ló kù, ọ̀kan ti kú.

"Wetin be him name?"

Háà! Ìyá onílé wa, àgbà ọmọ Àwórì, ju àtẹ sílẹ̀. "A kì í bi ọlọ́fọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn!" Àlejò ò gbọ́ Yorùbá, ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo dárúkọ ọmọ mi. Ẹ̀yin èèyàn, ara tù mí! Mo sọ bó ṣe máa ń fi ẹran pamọ́ sápò ṣòkòtò ilé ìwé, bó ṣe máa ń pe ìrun bíi ládàánì, àwa tí a jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sunkún, èmi náà tún rẹ́rìn-ín. Obìnrin Ìjọ̀ náà sọ ti ìyá rẹ̀ tí odò gbé lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló di ti gbogbo Sunday. Àwọn obìnrin ń ti Olódì-Àpápá wá bá wa, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Ìyá onílé tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní a ó pe ikú wálé.

Mo ní, "Ṣé ikú tún ń bèèrè ọ̀nà ilé wa ni, Màmá?"

Nígbà tó yá, ó gbé àpótí tirẹ̀ jáde. Ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe títí, ó wá dárúkọ ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ rí. Ọmọ rẹ̀ tó kú nígbà tí òun ṣì wà ní ọ̀dọ́ ni. Láti ìgbà náà, kò pe orúkọ yẹn sí ẹnikẹ́ni létí rí. Gbogbo wa kúnlẹ̀ fún un.

Ojú fèrèsé yàrá wa ṣí, ọkọ mi sì wà nínú ilé. Ó jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wá dúró síwájú mi.

"Ìdí igi mángòrò ni a sin ín sí, ní itẹ́ òkú. Mò ń yà síbẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

Láràárọ̀! Mo fẹ́ nà án, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe tí Ìyá onílé fi dìde.

"Ẹ wọ bàtà yín. À ń lọ."

Gbogbo wa tò jáde nínú oòrùn, a gba àárín títì. Àwọn èèyàn ń wò wá. Kí wọ́n máa wò! Nígbà tí a dé ìdí igi náà, mo fi gbogbo ohùn mi pe orúkọ ọmọ mi. Ọkọ mi náà pè é, ohùn tirẹ̀ sì bo tèmi mọ́lẹ̀.