Ẹni Tó Ń Wá Ojú Ìwé Rónkẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Mi ò mutí, mi ò tòògbé, ọ̀sán gangan sì ni. Ojú mi méjèèjì ló rí i, àbámọ̀ rẹ̀ ò sì tíì kúrò lára mi.

Iléèwé aládàáni kan ní Itamaga, n'Ìkòròdú, ni mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà, la fi ṣe sáfà. Òun ló ń gbé ojú ìwé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀, fún kọ̀ǹpútà yòówù tó bá béèrè nínú ọgbà. Gbogbo ìbéèrè ló ń kọ sínú fáìlì kan tí à ń pè ní lọ́ọ̀gù: aago, nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó béèrè, ohun tó béèrè, àti ìdáhùn. 200, ó rí i. 404, kò sí.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa Brọ̀dá Láyí, akọ̀wé wa, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, nítòsí Agbowa. Rónkẹ́, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni wọ́n gbà sípò rẹ̀. Èmi gan-an ni mo bẹ ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Rónkẹ́ lọ ra ẹja ní Ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Èmi wà níléèwé. Sáfà kàn dédé dúró, àyè ti tán nínú rẹ̀. Lọ́ọ̀gù ló wú bíi gààrí inú omi. Mo ní kí n pa á rẹ́, ẹ̀rọ ní òun ṣì ń lò ó lọ́wọ́. Mo dá sáfà dúró, mo pa á rẹ́, mo tún sáfà tàn. Kí n tó jẹ búrẹ́dì mi tán, ó tún ti kún.

Ni mo bá ṣí i kà. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni látòkè délẹ̀. Kọ̀ǹpútà keje ń béèrè ojú ìwé Rónkẹ́. 404. 404. 404. Mi ò tíì ṣe tiẹ̀ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Inú bí mi. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wá gba lẹ́sìnnì ọjọ́ Sátidé ló ń fi mí ṣeré. Mo wá ṣe bí àwa oníkọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe tí ara bá ń kán wa: ohun tí ẹ̀rọ ní kò sí, mo ṣe é. Mo kọ orúkọ Rónkẹ́, mo fi fọ́tò rẹ̀ sí i.

Ìlà kan péré ló wọlé lẹ́yìn ìyẹn, ní aago méjì ọ̀sán. 200. Gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́.

Mo ń rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí mo rántí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà keje. Yéè! Ti Brọ̀dá Láyí ni! Yàrá ìkẹ́rùsí ló wà látìgbà tí wọ́n ti sin ín. Mo sáré débẹ̀. Eruku bò ó, wáyà kankan ò sí lára rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná.

Fóònù mi dún. Rónkẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ọkọ̀ wa bàjẹ́ ní Agbowa. Mo ń gbọ́ ohùn Brọ̀dá Láyí nínú igbó. Orúkọ mi ni wọ́n ń pè."

Láti kékeré ni ìyá wa ti ń kìlọ̀ fún wa pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí.

"Rónkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ ẹ o!"

"Mo ti jẹ́ ẹ."

Ó délé nírọ̀lẹ́, tòun tẹja. Ó jẹun, ó sùn. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn títí dòní, lójoojúmọ́, tí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, á gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n pè, á ní, "Mò ń bọ̀, sà." A ti dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, a ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pa ojú ìwé yẹn rẹ́, 200 ni lọ́ọ̀gù ṣì ń kọ fún kọ̀ǹpútà keje ní aago méjì náà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́. Lánàá, ó ti wọ bàtà kó tó dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ tèmi. Tó bá ní òun ò rí nǹkan, ẹ má sáré ṣe é fún un. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń wá a.