Àlọ́ Tí Wọn Ò Dúró Gbọ́ Òpin Rẹ̀

Àwọn onífíìmù gba àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà mi, wọ́n yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn gbogbo agbo ilé, wọ́n kó o lé obìnrin kan ṣoṣo lórí.

Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n wọ abúlé wa lẹ́yìn Moniya. Èmi ni mo mú wọn wá, mi ò ní purọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, mo rò pé ẹni tó bá ti kàwé nípa àlọ́ ti mọ àlọ́. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Ìyá àgbà ní, "A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ti iléèwé dé ná." Olùdarí wọn ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn lòun ń fẹ́. Èmi náà bá a bẹ̀bẹ̀, torí mo fẹ́ bá mọ́tò wọn padà sígboro.

Ni ìyá àgbà bá pa àlọ́ náà. Ọmọ aláìníyàá kan ni, ìyàwó bàbá rẹ̀ a máa rán an lọ pọnmi lódò jíjìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìjẹun. Ó ń kọrin lọ, ó ń kọrin bọ̀. Gbogbo agbo ilé ń gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, títí ọmọ ò fi padà wálé mọ́. Òwe wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú àlọ́ yìí, àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà dákẹ́ sí. "Èyí tó kù, àfi táwọn ọmọ bá wà níjòókòó." Nílé wa, tí àlọ́ yẹn bá débẹ̀, ìyá àgbà á bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìwọ ńkọ́, kí lò ń ṣe nígbà tí ọmọ yẹn ń kọrin kọjá?" Ẹni tó bá ní òun ń sùn, á gbọ́ ọ: "Pẹ̀lú orin yẹn?" Mo ti sunkún rí nídìí ìbéèrè yẹn.

"Màmá, ó ti yé wa," ni olùdarí wí, ó ti ń ká wáyà.

Nígbà tí fíìmù jáde, ìyàwó bàbá ti di àjẹ́, ó ń fò kiri. Ọmọ ọba gẹṣin dé, ó fi ọmọ náà ṣaya, gbogbo àwọn tó dákẹ́ sì ń jó níbi ìgbéyàwó! Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má yí àlọ́ padà o. Ìyá àgbà fúnra wọn a máa yí orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ́ tó ń bi wá léèrè ni wọ́n sọ di èyí tó ń dá wa láre.

Ìyàwó kan wà lágbo ilé wa nígbà náà, tó ń tọ́ ọmọ tí orogún rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ wo fíìmù náà lórí fóònù, ọmọ yìí bá kọ oúnjẹ tí ìyàwó náà sè. "Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná," ló ń wí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo lójúde: "Àjẹ́ inú fíìmù ń bọ̀ o!" Ìyá àgbà kó wọn jọ, wọ́n tún àlọ́ náà pa láti fi bá wọn wí. Àwọn ọmọ dáhùn pé, "Ìyá àgbà, ẹ ti gbàgbé. Ọmọ ọba dà?" Kò tó oṣù kan, ìyàwó náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Adégbayì.

Ọmọ ọ̀hún ti dàgbà díẹ̀ báyìí. Òun gan-an ló ń béèrè ìgbà tí ìyá òun máa ti Adégbayì dé.

Ẹ̀yin onífíìmù, mo ti kọ̀wé sí yín, ẹ ò fèsì. Ta ló sọ fún yín pé ìyàwó bàbá inú àlọ́ yẹn jẹ́ àjẹ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi orúkọ ìyá àgbà mi sídìí ohun tí wọn ò sọ? Ta ni ká rán lọ bẹ ìyàwó ilé wa ní Adégbayì: ẹ̀yin ni, àbí èmi tí mo fọ̀nà hàn yín?