Omi Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Ọmọ Taisto

Wọ́n ń sọ ọ́ ní Kuhmo, ìlú wa ní Finland, pé Taisto Pyykkönen mọ̀ọ́mọ̀ da omi lásán sínú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ kó lè dì nínú òtútù, kó sì fọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Raija tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní ìkà ni bàbá náà, abájọ tí ìyàwó rẹ̀ fi kó jáde. Mo bi í pé ṣé ó wà níbẹ̀ ni. Ó ní òun ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀. Gbogbo ìlú ò mọ nǹkan kan. Èmi tí ọgbà mi bá tirẹ̀ pààlà láti ọdún mọ́kàndínlógún, tó máa ń fi katakata kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó lọ dáná nílé ìwé, èmi ló yẹ kí wọ́n bi.

Omi lásán wà nínú ọkọ̀ náà lóòótọ́. Kì í ṣe Taisto ló dà á síbẹ̀.

Taisto fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ agbégi. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Tí o bá kí i, á mi orí. Tó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn gan-an, á mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe ju ti gbogbo wa lọ ni pé kó yẹ nǹkan wò. Á ti ilẹ̀kùn, á padà wá fà á. Á pa iná ilé ìwẹ̀ olóoru, á tún lọ fọwọ́ kan òkúta ìdáná rẹ̀ bóyá ó ti tutù. Seija ìyàwó rẹ̀ ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń rẹ èèyàn, ó kó lọ sí Oulu, ó sì mú Jarno ọmọ wọn dání. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Jarno nígbà náà. Láti ọdún yẹn, bàbá àti ọmọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Kérésì, gbogbo rẹ̀ ò sì ju "Ó dáa" méjì lọ.

Àfi ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá tí Jarno dédé wa ọkọ̀ kan wọlé. Ariwo rẹ̀ mú mi rò pé nǹkan bú gbàù lókè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún ẹ́ńjìnnì náà tò, tó fi tọ́bò tó ń fún un lágbára sí i, tó rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ débi pé ológbò mi ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbogbo ìgbà ooru ló fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sáré ìdíje lórí ọ̀nà ọlọ́dà. Mo ń já èso lẹ́bàá ọgbà, mo gbọ́ ohun tó sọ.

"Bàbá, mi ò ní gáréèjì ní Oulu. Ẹ bá mi tún un ṣe de òtútù. Tí adágún bá ti dì ní oṣù Kejìlá, màá wá, ká jọ gbé e lọ sórí yìnyín."

Taisto ní, "Ó dáa."

Ọ̀rẹ́ Jarno kan ló wá gbé e padà lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Taisto rìn wá síbi ọgbà, èyí tí kò ṣe rí láìjẹ́ pé ó fẹ́ béèrè nǹkan. Ó ní, "Ó ní ká jọ lọ." Ó padà sílé.

Ẹ ò rí iṣẹ́ tó ṣe. Ó yọ sípíríǹgì kúkúrú, ó fi gígùn sí i, kí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ má bàa máa gbá yìnyín jọ. Ó tú ike tó yọ bí ètè lábẹ́ bọ́ńpà iwájú, ó fi aṣọ wé e. Ó ra táyà tín-ín-rín mẹ́rin, ó sì jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ìṣó sí wọn lára kí wọ́n lè di yìnyín mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó da ọ́ìlì tó nípọn nù, ó fi fífẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó de irin tó ń fi iná mànàmáná mú ẹ́ńjìnnì gbóná, ó gé páálí sí iwájú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ tọ́bò, ó fi òróró pa rọ́bà ilẹ̀kùn kó má bàa lẹ̀. Bátìrì náà, inú yàrá ló gbé e sùn, bí ẹni ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá.

Mo máa ń gbé rönttönen gbígbóná, ìpápánu ilẹ̀ wa, lọ fún un, ànàmọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò ní jẹun. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ṣí ìdérí ike omi ẹ́ńjìnnì. Ìgò kékeré tí wọ́n fi ń fa omi wò, bóyá ó lè dì tàbí kò lè dì, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi inú ike náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí kì í dì ṣe máa ń rí. Ó wò ó. Ó dúró pẹ́, èmi ń bá a sọ̀rọ̀ ọ̀gá wa ní ilé ìdáná, kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa ìdérí dé, ó sì fi ìgò náà kọ́ sórí ìṣó. Kò fa omi yẹn wò.

Ní oṣù Kejìlá, òtútù já sí ìwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo. Jarno wọ bọ́ọ̀sì wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ Sátidé ni Taisto ti ki wáyà iná bọ ọkọ̀ náà kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná. Mo gbé búrẹ́dì Kérésì dání, mo bá àwọn méjèèjì lẹ́nu gáréèjì. Ilẹ̀ ti pupa. Omi ń kán láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, irin rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Jarno bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Omi ni."

Taisto ní, "Ó pupa."

"Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù ni mo pò mọ́ ọn. Wọn kì í jẹ́ ká lo omi tí kì í dì níbi ìdíje, tó bá dà sórí ọ̀dà, á máa yọ̀. Omi lásán ni gbogbo wa ń lò nígbà ooru."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ̀yin ni kí n sọ fún? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú nọ́ọ̀tù tí mo bá dè kí ẹ tó tún un dè? Mo mọ̀ pé ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi lẹ ti ń yẹ iṣẹ́ mi wò, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo gbójú lé e nìyí, ẹ ò sì ṣe é."

Mo fẹ́ fi ìgúnpá gún Taisto kó lè sọ̀rọ̀. Ó lọ mú ìgbálẹ̀.

Bọ́ọ̀sì aago kan ni Jarno bá lọ. Ní ìdíkọ̀ ló ti sọ fún ẹnì kan pé bàbá òun fi omi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òun. Kuhmo ló fi ìyókù kún un.

Ní oṣù kìíní ni mo tó lè bi Taisto, ó ń fi ṣọ́bìrì gé yìnyín orí òrùlé. Mo ní Taisto, kí ló dé tí o ò fa omi yẹn wò, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ? Ó ní nígbà tí Jarno wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún alùpùpù rẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ dùn, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Òun sì mú sípánà, òun yẹ gbogbo nọ́ọ̀tù rẹ̀ wò lójú àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan péré ló dẹ̀. Ó ní ọjọ́ yẹn ni Jarno ti fi òun sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí Seija kó lọ. Ó ní òun ti búra pé òun ò tún ní yẹ ohun tí ọmọ náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò mọ́ láyé.

Mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kó pè é nísinsìnyí.

Ó ní, "Kí n sọ pé nítorí rẹ̀ ni? Á ní mo tún ti rí nọ́ọ̀tù tó dẹ̀ nínú iṣẹ́ òun."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ máa pe ọkùnrin yìí ní ìkà, kó máa pè é.

Ní oṣù kẹta, ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí wá fi ọkọ̀ gbé ọkọ̀ náà. Jarno ti tà á bó ṣe wà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó là. Taisto bá a tì í gun orí ọkọ̀ tó wá gbé e, ó kó táyà ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, kò gba nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n yí lọ sí títì, èmi àti ẹ̀ jọ dúró lójú ọ̀nà. Mo ní ó mà ṣe o, gbogbo wàhálà yẹn, o ò tilẹ̀ wà á lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ wà á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí."