Ohùn Àdíját Nínú Táàbù

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Àdíját, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi kọ́ àwọn ọmọ Nọ́sìrì Wáànù ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sì sí ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ orin ìka. Fúnra rẹ̀ ló ṣe orin náà: ìka kìíní jí, ó kí bàbá, ìka kejì jí, ó kí ìyá, títí tí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò fi kí gbogbo ẹbí tán. Ìdérí ìgò mínírà ló fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò, yanrìn inú àwo ló fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ A B D. Bó bá wọlé láàárọ̀, àwọn ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, wọn á ní ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Ìkíni yẹn ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún 2014, Mọ́mì, ìyẹn ìyá tó ni ilé ìwé, ra táàbù mẹ́fà, àwọn fóònù fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ tí àwòrán inú wọn á máa rìn, tí á sì máa sọ̀rọ̀. Ó gba Susanna náà síṣẹ́, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, pé kó máa bá Àdíját ṣe kíláàsì náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ ti gbàgbé ìdérí ìgò. Susanna kò tíì jókòó tán tí wọ́n á ti rọ̀gbà yí i ká bí adìyẹ tó rí ọkà. Àdíját á gbé àwo yanrìn kalẹ̀, ọmọ méjì péré ló máa wá, ọ̀kan nínú wọn á sì máa sunkún pé wọn ò fún òun ní táàbù.

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti Àdíját yàtọ̀: ẹran wà láyà rẹ̀ dáadáa, inú lọ́hùn-ún ni owú ti ń jẹ ẹ́. Ó jowú ìka Susanna tó rí tín-ínrín, ó jowú bí Mọ́mì ṣe ń pè é ní ọmọ mi. Èyí tó tiẹ̀ dùn ún jù ni pé ó ń jowú ẹ̀rọ. Ó sọ fún Gàníyù ọkọ rẹ̀ pé nǹkan tí ọmọ fi ń ṣeré kì í ṣe ẹ̀kọ́. Gàníyù, tó ń ránṣọ, ní kó lọ sùn jàre, pé nígbà tí maṣíìnì oníná dé, òun náà ṣáátá rẹ̀, ṣé kì í ṣe maṣíìnì náà lòun ń lò báyìí?

Ọ̀rọ̀ wá bọ́ sí i fún Àdíját, torí àwọn ọmọ ò gbọ́ ohun tí táàbù ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba imú jáde ni. Bó bá ní kí wọ́n ka ẹyẹ, ńṣe ni wọ́n á kàn máa wò ó. Susanna rí i pé èèyàn lè gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, ó sì ní òun máa gba tòun sí i. Àdíját rò ó wò: ohùn Susanna nínú táàbù, Susanna fúnra rẹ̀ níwájú kíláàsì, kí ló wá kù fún òun? Ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ohùn tèmi ni wọ́n mọ̀," ó ní. "Tèmi ni kó o gbà."

Inú Susanna dùn, ó dúpẹ́. Ọ̀sán mẹ́ta ni Àdíját fi jókòó ti ẹ̀rọ náà lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti lọ sílé, ó sì da gbogbo ohun tó ní sínú rẹ̀: orin ìka, orin ìmọ́tótó, àlọ́, ìṣirò, kódà bó ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ lè dáhùn, àti bó ṣe máa ń sọ pé o káre, ọmọ mi. Kò fi ẹyọ kan pa mọ́, kí Susanna má baà ráyè fi tirẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ tó parí, ó ra búrẹ́dì lọ sílé, inú rẹ̀ dùn dọ́ba.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, nígbà táwọn ọmọ tuntun wọlé, Mọ́mì pè é sí ọ́fíìsì. Ó yìn ín títí. Ó ní àwọn òbí ń sọ̀rọ̀ ohùn náà títí dé Ìkọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí Àdíját, ẹ ti gbìyànjú gan-an. Níwọ̀n ìgbà tí ohùn yín ti wà nínú táàbù, Susanna á lè dá kíláàsì yẹn ṣe. Ẹ bá wa mójú tó àwọn ọmọ ọwọ́ ní kérẹ́ẹ̀ṣì."

Kérẹ́ẹ̀ṣì kò jìnnà, pákó fẹ́lẹ́ ló pààlà láàárín òun àti Nọ́sìrì Wáànù. Láàárọ̀, Àdíját á pọn ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn, á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń kí àwọn ọmọ, á sì gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe ń kanlẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ohùn náà kì í há. Kì í wúkọ́, kì í kanra, kì í pẹ́ dé nítorí òjò. Àdíját jowú rẹ̀ ju bó ṣe jowú Susanna lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ń ké, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìka fún un. Hamdalah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tuntun, ń ti ilé ìtọ̀ bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sí i títí ó fi dé ìka kẹta, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ ti ń mọ̀ ọ́n kọ díẹ̀díẹ̀," ọmọ náà wí. "Ẹ máa bọ̀ ní kíláàsì wa, Àǹtí inú táàbù á kọ́ yín ní èyí tó kù."