Ọjọ́ Tí Ilẹ̀kùn Wa Di Afárá

Ìtì ọ̀pẹ kan ni a fi ń kọjá odò wa nígbà náà. Ó dùbúlẹ̀ láti bèbè tiwa dé bèbè kejì, níbi tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà, àti ọ̀nà tó lọ sí Kabba. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ń jẹrà, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa yọ̀ bí ọṣẹ bí òjò bá ti rọ̀. Àwọn tí wọ́n bí sí abúlé náà a máa sáré kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Èmi kọ́. Ìgboro Kabba ni wọ́n ti gbé mi níyàwó wá, mo sì ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àkọ́kọ́, àti ọmọ ọwọ́ kan.

Láràárọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé e gorí ìtì ọ̀pẹ náà, tí mo ń di etí aṣọ ilé ìwé rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. N kì í di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí ẹni tó ń rìn lórí igi nílò ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo ti rò ó dáadáa kí n tó yan etí aṣọ. Lọ́sàn-án, kí aago ilé ìwé tó lù, mo ti dúró dè é ní òdìkejì. Àwọn obìnrin àdúgbò ní mò ń da ọmọ bí ẹni ń da ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ọ̀kan nínú wọn, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, a máa bi mí ní ìrọ̀lẹ́ bóyá mo ti ka ìka ọmọ mi, tó sì pé. Mo máa ń sọ fún un pé ó pé, nítorí mo ti kà á lóòótọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wá kúrò lára Kwara ni, a di ará Kogi. Orúkọ náà kò tíì mọ́ wa lẹ́nu. Àwọn àgbà mìíràn a ṣì máa pe ara wọn ní ará Kwara, wọn a sì fi ẹ̀rín tún un ṣe. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ aṣọ tuntun tó ṣì le lára. Nínú ìdùnnú ìpínlẹ̀ tuntun yẹn ni ọkọ mi gbọ́ lọ́jà Kabba pé ìjọba ìbílẹ̀ ní owó ìrànwọ́ fún abúlé tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí abúlé kọ̀wé, kí wọ́n kó iyanrìn àti òkúta tiwọn jọ. Ìjọba yóò rán ènìyàn wá wò ó, bí ẹni náà bá sì rí i pé ìnira wà níbẹ̀ lóòótọ́, sìmẹ́ńtì àti irin yóò dé. N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ náà tí mo fi sọ pé afárá ni.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé náà, torí mo parí ilé ìwé girama, ìlà mi sì máa ń tọ́ láìlo rúlà. Alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè abúlé ni àbúrò bàbá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alága. N kò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn àlejò tó wọn. Wọ́n fẹ́ kí ìwé náà kọ́kọ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó kí aya wọn, kó kí ọmọ wọn, lẹ́yìn náà kó ròyìn bí àwọn baba ńlá wa ṣe tẹ ibẹ̀ dó. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí ìwé náà sáà dé etí odò kí ilẹ̀ tó ṣú. A fẹnu kò sí ìkíni ìlà kan. Fún ìyókù, mo ta okùn láti bèbè dé bèbè, mo wọn ibi tí omi ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo tún wọn ibi tó ń dé lójò. Àwọn ọkùnrin tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ rán ṣòkòtò fún odò ni. Mo kọ ìwọ̀n méjèèjì sílẹ̀.

Èmi àti Bàbá Alága gun ọ̀kadà lọ sí Kabba, àwa méjèèjì lórí ọ̀kan, mo gbá ìwé náà mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Akọ̀wé tó gbà á ní wọn yóò ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní ìgbà tí mọ́tò wọn bá ní epo.

Mọ́tò náà rí epo. Ìròyìn dé pé ọ̀gá kan ń bọ̀ ní ọjọ́ kejì ọjà Kabba. Ní àkókò yẹn, iyanrìn tí àwọn ọkùnrin wà ti ga jù mí lọ, òkúta tí àwọn obìnrin rù ti di òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan ti pé. Àfi pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, Bàbá Alága dúró létí odò, wọ́n wo ìtì ọ̀pẹ náà, ojú wọn sì yí padà.

"Ṣé orí igi yìí ni àlejò máa gbà wọlé?" ni wọ́n wí. "Bó bá já sómi ńkọ́? Kí la máa pe ara wa?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Mo rí ọ̀gá náà lọ́kàn mi bó ti ń yọ̀ ṣubú pẹ̀lú fáìlì wa lọ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ẹ jẹ́ ká wá pákó. Pákó kò sí lábúlé. Ohun tó wà ni ilẹ̀kùn, Baálẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ tiwọn kúrò lára férémù. Ta ló máa gbọ́ pé Baálẹ̀ yọ ilẹ̀kùn, kó wá sùn sílé tó ní tirẹ̀? Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀kùn ń fi orí ènìyàn rìn bọ̀ láti gbogbo agboolé: tiwa tó ní àwọ̀ búlúù, ti ìyá tó kọjú sí wa, èyí tí ikán ti jẹ ìdí rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò sí. Ṣọ́ọ̀ṣì gbé bẹ́ǹṣì wá. Lèmọ́mù gbé pákó fífẹ̀ tí wọ́n ń to kẹ́tùlù àlùwàlá sí wá. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ọ̀pá gígùn méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìtì ọ̀pẹ, a to ilẹ̀kùn lé e, a fi okùn so ó. Èmi ni mo ń tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá mì, a tú u, a tún un so. Ìyá tó kọjú sí wa ní bí mo bá lè tẹ ọkọ mi wò báyìí kí n tó fẹ́ ẹ, ǹ bá má fẹ́ ẹ.

Láàárọ̀, ọmọ mi fò lórí rẹ̀ lọ sílé ìwé, ó ń ju apá, ẹnikẹ́ni kò di etí aṣọ rẹ̀ mú. Inú mi dùn débi pé n kò ronú kan nǹkan mìíràn.

Ọ̀gá náà sanra, ó níwà tútù, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó fi mọ́tò àti awakọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní òdìkejì. A pawọ́ pọ̀ kí i pé okun o, ó sì dá wa lóhùn bí ọmọ ilé. Nígbà tó dé àárín odò, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ kan pákó abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Afárá yín yìí dúró o," ó ní.

Bàbá Alága rẹ́rìn-ín ayọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí òye fi là sí mi pé afárá gidi ló rò pé a ní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó di wá lẹ́nu. Lábúlé wa, a kì í sọ fún àlejò ohun tí a ṣe nítorí rẹ̀, àfi bó bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Ẹni tó pa adìẹ kì í dárúkọ adìẹ. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá jókòó sílé Baálẹ̀, tó ń jẹ iyán, tó sì fi sùúrù ṣàlàyé pé òun rí iyanrìn wa, òun rí òkúta wa, ṣùgbọ́n ohun tí òun bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni òun ń kọ, abúlé kan sì wà tí kò ní afárá kankan, àwọn ni yóò ṣáájú, a kàn ń mi orí ni. Bàbá Alága gbójú sókè wo àjà.

Èmi ni mo ń bu omi. Mo wá ọ̀nà tí ọ̀gá yóò fi béèrè. Mo kúnlẹ̀, mo ní ṣé ẹ rí i pé afárá náà ní oríṣiríṣi àwọ̀? Ó ní ó rí i, ó wù ú. Mo ní ṣé ẹ rí i pé ó ní ihò kọ́kọ́rọ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jọ pé káfíńtà yín kì í fi igi ṣòfò. Baálẹ̀ wúkọ́ sí mi. Ewúrẹ́ kan yọ orí wọlé láti ibi tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà, ó wo gbogbo wa, ọ̀gá tilẹ̀ kí i. Kò béèrè.

Ewúrẹ́ yẹn ló rán mi létí. Àbúrò ọmọ mi, tí kò tíì lè rìn, ń sùn nílé, nínú yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn.

N kò mọ bí mo ṣe délé. Òbúkọ ìyá tó kọjú sí wa ló dúró lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, ó ń jẹ kọ́tíìnì, ọmọ náà sì di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ka ìka rẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, mo gba etí odò lọ tààrà, mo tú ilẹ̀kùn búlúù mi, mo gbé e rù.

Ìyá náà rí mi lójú ọ̀nà. "Ìyàwó, àlejò ṣì ń jẹun," ó ní.

"Òbúkọ yín ti jẹun tán ní yàrá mi," mo dá a lóhùn.

Ó ronú kan yàrá tirẹ̀. Ó sáré wọlé, ó sáré jáde, ó ní adìẹ ti yé ẹyin sórí ìrọ̀rí òun, ó sì kọjá lára mi bí atẹ́gùn lọ sí odò. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn nìyẹn. Ẹnì kan bá àgùntàn nídìí ẹ̀kọ, ẹlòmíràn bá ọmọ aládùúgbò lórí bẹ́ẹ̀dì. Olúkúlùkù gba ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀pá méjèèjì wò ó pé kò sóhun tí wọ́n tún ń gbé, ó sì wọ́ wọn lọ.

Mo ń fi òòlù kan ìṣó tó kẹ́yìn nígbà tí aago ilé ìwé lù. N kò sí ní òdìkejì. Afárá kò sí mọ́.

Mo sáré dé etí odò pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ àti ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀gá dúró níbẹ̀ láàárín Baálẹ̀ àti Bàbá Alága, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ìtì ọ̀pẹ bí ẹni tó rí ejò. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó ilẹ̀kùn padà wá. Ìró òòlù nìkan ló ń dá wọn lóhùn láti inú abúlé. Ní òdìkejì, ọmọ mi ti gun orí igi. Òun ló ṣáájú gbogbo ọmọ ilé ìwé. Ó tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ọ̀nà, omi sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ń di afẹ́fẹ́ mú. Ọ̀gá di apá Bàbá Alága mú láìmọ̀, kò sì tú u sílẹ̀ títí ọmọ náà fi fò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó kúnlẹ̀ kí wọn, tó wá yíjú sí mi.

"Màmá, ta ló kó afárá wa lọ?"

"Ẹ gbọ́ ná," ọ̀gá ní, "níbo tilẹ̀ ni afárá yẹn wà?"

Ó ti béèrè. Bàbá Alága mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: ilẹ̀kùn ta ni, bẹ́ǹṣì ta ni, pákó kẹ́tùlù, adìẹ orí ìrọ̀rí. Ikùn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkìtì òkúta wa.

"Ihò kọ́kọ́rọ́," ó ní sí mi, ó ń nu ojú. "Ìyàwó, ihò kọ́kọ́rọ́."

Ṣùgbọ́n ó ní láti kọjá. Awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè mọ́tò ní òdìkejì. Mo gbé ọmọ ẹ̀yìn mi fún Bàbá Alága, pẹ̀lú òòlù. Ọ̀gá so bàtà rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó gun ìtì ọ̀pẹ bí ẹni gun ẹṣin, ó ń fi ìdí wọ́. Ọmọ mi ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, ó ń sọ fún un pé kó má wo omi, mo sì ń pariwo mọ́ ọmọ pé kó kọjú síbi tó ń lọ. Èmi wà lẹ́yìn ọ̀gá. Mo di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Láàárín odò ó ní, "Ìyàwó, ẹ má tú mi sílẹ̀ o."

"N kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí, ọ̀gá," mo dá a lóhùn. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo bẹ̀rù kó má baà mì mí ṣubú.

Ní bèbè kejì ni ó ti wọ́gi lé ohun tó ti kọ, tó tún un kọ lórí orúnkún rẹ̀. Ó béèrè ìwọ̀n odò lọ́wọ́ mi, mo fún un ní méjèèjì, ti ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò. Ó fi irin àfọwọ́dìmú kún un fúnra rẹ̀, ó ní ó gbọ́dọ̀ wà lápá méjèèjì. Sìmẹ́ńtì dé. Abúlé tí kò ní afárá kankan yẹn náà rí tiwọn gbà, wọ́n tilẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n gbọ́ nípa ihò kọ́kọ́rọ́.

Láàárọ̀ tí wọ́n ṣí afárá wa, mo tẹ̀ lé ọmọ mi dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo mi irin náà lápá ọ̀tún, mo mi í lápá òsì. Ọmọ náà dúró dè mí pẹ̀lú sùúrù, ó kàn fa etí aṣọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Ó sì sáré. Mo dúró sí bèbè tiwa, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mu ẹmu, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo, n kò sì mọ ibi tí n ó fi wọ́n sí.